Ta Ni Yóò Ṣe Ẹ̀rọ Ẹ̀gúsí Mi?

Ẹni tí kò bó ẹ̀gúsí rí ló máa ń sọ pé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kò ní wàhálà. Àwa tí à ń bó o mọ ohun tí ojú èékánná wa ń rí. Ní ilé wa ní Kábà, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, tí Ìlọrin jẹ́ olú-ìlú wa, bí ẹ̀gúsí bá ti ti oko dé, obìnrin kankan kò jókòó lásán mọ́. Bí o bá wá kí wa, a ó fún ọ ní àga, a ó sì gbé igbá ẹ̀gúsí lé ọ lẹ́sẹ̀. Àwọn àlejò mìíràn kì í padà wá.

Èmi ni mo ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ agbègbè wa, tí mo ń bó o, tí mo ń kó o sínú àpò fún àwọn oníṣòwò tó ń lọ sí Òkè Ọya. Ẹ̀gúsí kò wọ́n mi, oníbàárà kò sì wọ́n mi. Ọwọ́ tó máa bó o ni kò tó. Mo ti ṣe iṣẹ́ tíṣà rí, mo sì fi í sílẹ̀ nítorí òwò yìí, gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló sì ti sọ fún mi pé orí mi kò pé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èékánná mi ṣí kúrò lára ẹran. Ó dùn mí dé ọkàn. Mo bínú, mo bu ẹ̀gúsí tí mo ti wọ́n omi sí lẹ́kúnwọ́, mo sọ ọ́ mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á, nítorí ta ló ń da oúnjẹ nù? Mo rí i pé èèpo àwọn kan ti là, ọmọ inú rẹ̀ sì bọ́ síta láìfọ́. Mo bu òmíràn, mo tún sọ ọ́, lọ́tẹ̀ yìí mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìyá mi jáde láti inú yàrá, ó ní, “Ilé tí bàbá rẹ kọ́ lò ń sọ lókò yẹn?” Mo ní rárá o, ẹ̀rọ ni mò ń ṣe.

Ìyẹn ni pé bí irin kan bá lè máa yí, tí ó ń ju ẹ̀gúsí mọ́ ara irin mìíràn, yóò ṣe ohun tí ìbínú mi ṣe, yóò sì ṣe é láti àárọ̀ di alẹ́ láìrẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìlú wa. Ìlọta wà, ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá wà, ṣùgbọ́n ti ẹ̀gúsí, ọwọ́ obìnrin nìkan ni.

Iṣẹ́ ìjọba ni ọkọ mi ń ṣe ní Kàdúná. Ó wálé fún àjíǹde ọdún yẹn, mo sì ro ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà fún un. Ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti sú u láti máa dá oúnjẹ sè ni, ó sì fẹ́ kí n wá bá òun gbé. Ó gbọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀bìtì tí kò bá pa eku, ó yẹ kó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Ó wá ní, “Tò. Bí ẹ̀rọ yìí bá bó ẹ̀gúsí lójú mi nígbà tí mo bá dé fún Kérésìmesì, dúró sí Kábà kí o máa ṣòwò rẹ. Bí kò bá bó o, wàá di ẹrù rẹ, a ó jọ lọ.”

Mo ní mo gbà kó tó pa ẹnu dé. Èmi nífẹ̀ẹ́ ọkọ mi, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo máa dà bí mo bá dé Kàdúná. Màá di ìyàwó ọ̀gá tó ń retí ìgbà tí ọkọ rẹ̀ máa ti ọ́fíìsì dé. Kábà ni wọ́n ti mọ̀ mí, níbẹ̀ ni ọwọ́ mi ti ń ká nǹkan. N kò fẹ́ lọ, mo sì pinnu pé n kò ní lọ.

Ó wá ku ẹni tó máa ṣe ẹ̀rọ náà.

Wọ́n júwe ilé iṣẹ́ kan fún mi ní Ìlọrin, àwọn ẹnjiníà tó ń ṣe ẹ̀rọ fún àwọn àgbẹ̀ ńlá. Mo wọ mọ́tò láti àárọ̀, ojú ọ̀nà kò dára, ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán kí n tó dé. Àmọ́ nígbà tí mo wọlé, inú mi dùn. Fáànù ń fẹ́, ọmọbìnrin kan ń tẹ ìwé lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọ̀gá wọn sì dìde kí mi bí ẹni pé mo ti lówó. Àwọn mẹ́ta ló jókòó gbọ́ mi. Wọn kò fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n béèrè bí ẹ̀gúsí ṣe máa ń tutù tó kí a tó bó o, wọ́n béèrè irú ẹ́ńjìnnì tí mo máa lò. Ọ̀kan nínú wọn fi pẹ́ńsù ya ẹ̀rọ kan sórí pépà níwájú mi, ó rẹwà débi pé ó wù mí kí n gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Mo bi wọ́n pé ta gan-an nínú wọn ló máa ṣe é. Ọ̀gá wọn ní ilé iṣẹ́ ni yóò ṣe é. Ó ní ìyẹn ló dára nínú tiwọn, pé bí ara ẹnì kan kò bá yá, ẹlòmíràn á gbé iṣẹ́ náà, iṣẹ́ kò ní dúró. Òótọ́ ló sọ. Mo bi í pé bí ẹ̀rọ bá dé Kábà tó sì ní òun ò bó ẹ̀gúsí ńkọ́? Ó ní kí n kọ lẹ́tà sí wọn, wọ́n á wò ó, wọ́n á sì rán ènìyàn wá bí àyè bá ṣe wà.

Mo ro ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn títí mo fi padà délé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí ni mo fẹ́ ṣe. Kò lè ṣe kó má kọ́kọ́ kọ̀. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà kan. Bó bá tún kọ̀, lẹ́tà mìíràn. Kérésìmesì á dé bá mi níbi tí mo ti ń ra sítáńbù.

Ẹnì kejì tí mo ní lọ́kàn wà ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, kò jìnnà sí wa. Ajórin ni, òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, òun ló ń tún gbogbo ìlọta agbègbè náà ṣe. Òun sì ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, òun ló dípò bàbá fún un. Èyí ni pé ilé wọn ni ilé wa ti fẹ́ ìyàwó. Àna ni, àna tó ga jù wá.

Mo kúnlẹ̀ kí i bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa. “Okun o, àna mi.” Ó ní, “Okun, okun. Dìde, ilẹ̀ yẹn ní epo.” Mo ṣàlàyé fún un. Kò ya nǹkan kan. Ó bu ẹ̀gúsí nínú báàgì mi, ó dà á sápò, ó ń fi eyín bó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe kékeré kan tí kò ní dára. Ibi tó bá ti bà jẹ́ la ó ti mọ èyí tó máa dára.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Ara mi sì tún balẹ̀ sí i nítorí pé àna ni. Mo ní àna kì í rẹ́ àna jẹ. Kò sí ìwé láàárín wa, n kò sì béèrè.

Ìyá mi ni kò fọwọ́ sí i. Ó ń yan iṣu lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ fún un, ó gbójú sókè, ó ní, “Àna lo fẹ́ gbé iṣẹ́ fún? Ọjọ́ tó bá fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀, ẹnu wo lo máa fi bá a wí?” Mo ní kò ní fi í sílẹ̀. Ó ní, “Mo gbọ́,” ó sì yí iṣu rẹ̀ padà.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe kò tóbi ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Nígbà tí a fi ọwọ́ yí i, ó tu ẹ̀gúsí sí gbogbo àyíká, adìyẹ àdúgbò sì pé jọ bí ẹni tí a fìwé pè. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó gé ẹnu rẹ̀ kúrù, ó sì fi ìbòrí sí i. Èkejì kò tu nǹkan jáde mọ́, ṣùgbọ́n ó ń lọ ẹ̀gúsí kúnná. Ó ní irin tó ń jù ú ti sún mọ́ ara ìlù, irin róbótó tó yí i ká, jù. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, bí mo bá rí nǹkan tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo ń sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì ń gbé irin rẹ̀ sínú iná lójú mi. Bí àkókò ìrun bá tó, á fi irin sílẹ̀, á lọ ṣe àlùwàlá, èmi á bá a bu omi. Mo sọ fún ìyá mi pé ṣé ó rí i báyìí.

Ó ku ẹ̀rọ ńlá fúnra rẹ̀. Ó ti gé páànù rẹ̀, ó ti jó ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró lábẹ́ máńgòrò láìlórí. Bí òjò ṣe wá ń palẹ̀ mọ́ nìyẹn, tí gbogbo ènìyàn ń sáré kọ ebè kí ilẹ̀ tó le. Mo dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, n kò bá ẹnì kankan. Ìyàwó rẹ̀ ní ó wà lóko. Mo padà lọ, ó wà lóko. Mo tún lọ, wọ́n ní ó ti kó lọ sí àgọ́ oko, pé ebè rẹ̀ kò tíì dé ìdajì.

Ta ni ajórin tí kì í ṣe àgbẹ̀ ní ilẹ̀ wa? Tíṣà ń dáko, akọ̀wé ń dáko, pásítọ̀ ń dáko. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ ló yẹ kí n mọ̀ pé ẹni tó dá ṣiṣẹ́, tí ọkọ́ bá pè é, kò sí ẹlòmíràn tó máa di irin náà mú fún un. Ohun tí ọ̀gá Ìlọrin sọ fún mi gan-an nìyẹn, lábẹ́ fáànù rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, màá lọ sí àgọ́ rẹ̀, màá sì da ẹnu bò ó débi tí yóò fi sá padà sídìí irin. Ṣùgbọ́n àna! Bí mo bá rí i, ìkúnlẹ̀ ni, ẹ kú iṣẹ́ ni, ilé ńkọ́ ni. Mo kúnlẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, mo fẹnu kí i, mo sì jáde. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí ẹni bínú sí. Mo bínú sí ewúrẹ́, mo bínú sí ìkòkò. Ìyá mi ní, “Lọ bá a wí, ṣebí ẹnu rẹ mú.” Ó fẹ́ràn láti máa fi iyọ̀ sójú egbò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní ó tó. Mo mú báàgì mi, mo lọ sí gáréèjì, mo wọ mọ́tò Ìlọrin. Mo ti gbà pé kọ́ńpìnnì ni màá padà lọ bá, bí wọ́n bá lè fi àwòrán rírẹwà yẹn ṣe nǹkan kí Kérésìmesì tó dé. Nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé kò lè bọ́ sí i mọ́, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi. Mo ti ń rí ara mi nínú ọkọ̀ Kàdúná pẹ̀lú ẹrù mi lórí òrùlé rẹ̀.

Mọ́tò kò tíì kún. Bí a ṣe ń dúró, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọkọ́ wà léjìká wọn, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin tó jókòó tì mí nawọ́ jáde láti kí wọn, ó bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ní Ẹkìnrìn-Àdé ni, pé ọ̀rẹ́ àwọn kan ló ń ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò náà. Dírẹ́bà ní kí ni mo gbàgbé, mo ní gbogbo nǹkan.

Ẹni tó bá fẹ́ ìyàwó nílẹ̀ wa mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lóko àna. Bí ọjọ́ bá pé, á kó àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí rẹ̀ jọ, wọ́n á lọ fi ọkọ́ kí ilé ìyàwó. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ìyàwó rẹ̀ wálé, ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Mo bá a níbi tó ti ń jẹun. Mo ní ọ̀wẹ̀ àna wa ti pẹ́. Ó ní àwọn àna kò béèrè. Mo ní, “Wọn kì í béèrè. Ìyàwó tó gbé oúnjẹ yẹn síwájú yín, ṣé ọjà lẹ ti rà á ni?” Ìyàwó rẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà, ó sì sọ pé òun náà ti ń retí kí ẹnìkan béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi dá òkèlè náà padà sínú àwo. Ó ní kí n lọ pe àwọn tó kù.

Mo pè wọ́n. N kò fi ilé kankan sílẹ̀ nínú agboolé wa àti ti àwọn ìbátan wa. Ẹni tó ní ẹ̀yìn ń ro òun, mo ní kí ó wá jókòó lórí ebè kí ó máa kọrin. Èmi àti àwọn obìnrin gbé iṣu, odó àti ìkòkò lọ sí oko náà. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ níwájú àna rẹ̀, ó ní ọmọ rẹ̀ ló wá kí i. Ọkùnrin náà wo ọ̀pọ̀ ọkọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì yíjú wò mí níbi tí mo ti ń dá iná.

Nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, kò sí ibi tí ebè kò dé lórí ilẹ̀ náà. Ó wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó ní kí n má ṣe é. Ó ní, “Ẹ ti gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi.” Mo ní, “Àna wa la wá kí o, sà.” Ó ní, “Mo mọ̀.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tí àwọn ọkùnrin fi yíjú wò wá. Ó ní, “Mo ti ń sá fún yín, kò ṣe é sọ. Ojú yín ń tì mí, ebè ò sì jẹ́ kí n wá. Lọ́la, mo wà nídìí irin.”

Ó sì wà níbẹ̀. Kò tún kúrò níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí nǹkan ṣì kù díẹ̀ láti tọ́, ó lọ mú ajórin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan wá láti bá a di ìlù náà mú, nítorí ó ní òun kò tún fẹ́ rí wa lóko òun.

Ọkọ mi dé nígbà tí ọyẹ́ ti ń gé ètè. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, mo mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀rọ náà dúró sórí sìmẹ́ńtì, kò rẹwà bíi ti orí pépà Ìlọrin. Àwọn obìnrin ti tò pẹ̀lú igbá àti abọ́ wọn, nítorí mo ti jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Àna mi fa ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì gbá, mo da ẹ̀gúsí sí i lẹ́nu. Èèpo ń jáde lápá kan, ẹ̀gúsí funfun ń jáde lápá kejì. Àwọn kan fọ́. Ọkọ mi bu díẹ̀, ó yà á sọ́tọ̀ lójú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní, “Ó ń fọ́ ọ o.” Obìnrin àgbà kan tó wà níwájú ní, “Ọmọ mi, ṣé o máa ń gbé e mì lódidi ni? Sún síbẹ̀ yẹn, kí n gbé abọ́ mi sí i.” Ọkọ mi sún.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó jókòó sí pálọ̀, kò bọ́ bàtà. Ó ní òun á sọ òótọ́ fún mi. Ó ní òun ṣe ìlérí yẹn ní àjíǹde nítorí ó dá òun lójú pé kò ní ṣeé ṣe. Ó ti gba yàrá méjì, ó ti ra bẹ́ẹ̀dì, ó ti sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ pé ìyàwó òun ń bọ̀ ní oṣù kìíní. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé náà sórí tábìlì.

Mo rò pé inú mi yóò dùn lọ́jọ́ tí mo bá borí. Inú mi kò dùn. Inú bí mi pé kò rí mi bí ẹni tó lè ṣe é, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, nítorí mo rí yàrá náà pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì nínú rẹ̀, mo rí òun nìkan tó jókòó sí i. Bó bá jẹ́ pé ó bẹ̀ mí ni, n kò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Kò bẹ̀ mí. Ó ti ṣèlérí, ó sì jẹ́ ènìyàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀.

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ náà, mo fi í sí i lápò ẹ̀wù.

“Ẹ tọ́jú ẹ̀,” mo ní. “Màá máa wá kí yín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní wá gbé.”